Abúlé inú igbó kọ́ ni àdádó

Àbúrò mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lára mi títí di ìsinsìnyí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ti bọ́ o. Àwa la ṣì wà nínú igbó pẹ̀lú ọ̀bọ." Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì wà lọ́kàn gbogbo ilé: ẹni tó bá ti wọ bàálù kúrò nígbó ti wọ inú ìgbádùn. Mo ti gbé ibi méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí Benin rí ti kọjá létí igbó wa. Igbó Omo ni wọ́n ń pè é. Ìletò kan tó ń jẹ́ J4 la ti máa ń yà kúrò lójú ọ̀dà, tí ọ̀kadà á wá gbé wa wọ inú lọ. Láti 1925 ni ìjọba àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ di igbó ìjọba, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, sì kà á mọ́ àwọn ibi tó ń ṣọ́ lágbàáyé ní 1977. Erin ṣì wà nínú rẹ̀ dòní. Oko kòkó ló gbé àwọn bàbá wa débẹ̀. Omi odò là ń mu, iná sólà kékeré là ń tàn, ẹni tó bá sì fẹ́ pe fóònù gbọ́dọ̀ gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé. Kò sí ẹni tó mọ oko tí èyí ṣàjèjì sí, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Aberdeen ni mo wà báyìí, ní Scotland. Iná kì í lọ. Omi gbígbóná ń jáde láti ara ògiri. Bí ara bá ń ro mí, mo níbi tí mo lè lọ, wọn ò sì ní béèrè owó lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Mi ò ní purọ́ mọ́ ibi tí mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kejìlá, agogo mẹ́jọ àbọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, kò sì ní ju agogo mẹ́ta àbọ̀ lọ tí á tún fi wọ̀. Ní abúlé wa, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ilẹ̀ kì í ṣú kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Òkùnkùn yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Èèyàn ni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo ń ṣe. Màmá kan wà tí mo máa ń lọ bá láàárọ̀, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilé iṣẹ́ mi fún mi lọ́dọ̀ wọn. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn ni màá fún wọn lóògùn, tí màá wọṣọ fún wọn, tí màá gbé oúnjẹ síwájú wọn, tí màá sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé mo ti wọlé, mo ti jáde. Ife tíì méjì ni màmá yìí máa ń gbé kalẹ̀ dè mí, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ dájú pé mi ò ní ráyè mu tèmi. Nígbà tí mo bá fi máa padà dé lálẹ́, ife kejì á ṣì wà níbẹ̀, tíì inú rẹ̀ á ti tutù, á ti dì lójú. Tẹlifíṣọ̀n kì í kú nílé wọn. Wọ́n ní ohùn èèyàn làwọn ń fi í gbọ́.

Wọ́n bímọ o. Mẹ́ta. Mo rí àwòrán wọn lórí ògiri.

Ní 2018, ìjọba Bìrìtìkó yan mínísítà kan tí á máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò bímọ ni?" Mo ní wọ́n bímọ, Bàbá. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

Ìdánìkanwà yẹn ò mọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó. Nígbà òtútù àkọ́kọ́, àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ nínú yàrá mi. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tá a jọ ń gbélé bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ilẹ̀kùn ń dún, kò sì sí ẹni tó kanlẹ̀kùn mi. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, pé ilẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni kò ṣeé kàn lásán. Ní abúlé wa, bí àwọn tó ń lọ sóko bá kọjá tí ilẹ̀kùn rẹ ò tíì ṣí, wọ́n á kọ́kọ́ ké pè ọ́ láti ìta. Bí o ò bá dáhùn, wọ́n á wọlé wá bá ọ. Òótọ́ ni pé wọ́n á tún dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ àti ọbẹ̀ rẹ, ó sì máa ń bí mi nínú nígbà náà.

Àti igbó tí wọ́n ń sọ pé ó dákẹ́ yẹn! Igbó kì í dákẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀fàfà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí igi, ọ̀kan á ké, òmíràn á dá a lóhùn láti òdìkejì odò. Bá a bá ń fọ́ kòkó, gbogbo ilé la jọ máa ń jókòó yí òkìtì rẹ̀ ká. Àwọn àgbà á máa fi àdá la á, àwa ọmọdé á máa fi ọwọ́ kó kóró rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, a ó máa lá omi dídùn ara rẹ̀ títí ètè wa á fi máa lẹ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ibẹ̀ ni ìyàwó tuntun ti ń mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú. Ìgbà tá a bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kóró náà tán kó lè kan, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ti tán nílẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi kúrò nígbà náà? Ìbéèrè tí àbúrò mi máa bi mí nìyẹn, ó sì tọ́ kó bi mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rọbí lóru nígbà òjò. Ọ̀kadà la gbé e lé, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo dì í mú. Ẹrẹ̀ gbé wa lójú ọ̀nà, a sọ̀ kalẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn, òjò ń rọ̀. Òun yè, ọmọ ò yè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní bímọ síbẹ̀. Igbó kọ́ ló pa ọmọ náà, àìsí ọ̀nà àti àìsí agbẹ̀bí nítòsí ni. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa pẹ̀lú. Igbó ìjọba ni, a ò lè kọ́lé gidi sórí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ní ká kúrò, a ó kúrò ni.

Níbí náà, ìwé físà ni mo fi ń gbé. Bí ìjọba bá gba àṣẹ àtigba àjèjì síṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó gbà mí, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti wá òmíràn tàbí kó ẹrù ẹni. Láti oṣù Kẹta 2024, ẹni tó bá fi iṣẹ́ yìí wọlé ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbí, orí fóònù ló ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ABD. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú yìí pátápátá mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Nítorí náà, àbúrò mi, má ta oko torí àtiwá síbí. Owó kòkó tó fò sókè ní 2024 ti ra mọ́tò fún àwọn ẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n dúró, inú mi sì dùn sí i fún wọn.

Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀. Owó tí mò ń rí níbí ni mo fi ra ilẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ tó ní ìwé, tí orúkọ ìyá mi wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbé, ọ̀nà wọn ò ní jìn sí ilé ìwòsàn, wọ́n á sì máa wọ mọ́tò lọ sí J4 nígbà kòkó láti lọ bá àwọn èèyàn wọn jókòó.