Y ńlá tó sọ 2024 di 2025

Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ilé ìtajà oògùn kan ní Ìbàdàn, òun ni wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì fún oníbàárà. Láti oṣù Kẹta tí wọ́n ti ń lò ó, kò yọ wọ́n lẹ́nu rí. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kejìlá 2024, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù pè mí: "Ọmọ mi, rìsíìtì yìí ní 29/12/2025 ni mo ta oògùn o."

Mo wo aago kọ̀ǹpútà wọn, kò yẹ̀. Ọjọ́ tó wà nínú ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ sí náà pé. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rí i: "dd/MM/YYYY" ni mo kọ sínú Java, èdè tí mo fi kọ ètò náà, láti sọ bí yóò ṣe tẹ ọjọ́, oṣù àti ọdún.

Python, èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, ni mo kọ́kọ́ kọ́, %Y sì ni ọdún níbẹ̀. Mo kàn gbé Y ńlá yẹn dání wá ni. Nínú Java, y kékeré ni ọdún tí gbogbo wa mọ̀. Ọdún tí ọ̀sẹ̀ bọ́ sí ni Y ńlá ń kà. Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù náà wà, ọjọ́ Àìkú ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí 1 oṣù Kíní bá sì wà nínú rẹ̀, ti ọdún tuntun ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́rú ni 1 oṣù Kíní 2025, ni 29, 30 àti 31 oṣù Kejìlá 2024 bá di ti 2025. Ṣáájú ìyẹn, ọdún kan náà ni Y ńlá àti y kékeré ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi sá pamọ́ láti oṣù Kẹta.

M náà ń bẹ níbẹ̀ o. Nínú Python, %m ni oṣù, %M ni ìṣẹ́jú. Java yí i padà, MM ni oṣù, mm ni ìṣẹ́jú. Àwa tí àmì kan ṣoṣo ń sọ ọkọ́ di ọkọ̀ lẹ́nu wa, kò yẹ kí a fojú kéré irú èyí.

Ohun tó dùn mí jù ni oníbàárà kan tó mú rìsíìtì tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n lè san owó oògùn padà fún un. Wọ́n ní ayédèrú ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ tẹ òmíràn fún un.

Ní báyìí, 2024-12-29 ni mo ń fi ọjọ́ pamọ́, bí ISO 8601, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ọjọ́, ṣe tò ó, torí 03/04 lè jẹ́ oṣù Kẹrin fún wa, kó jẹ́ oṣù Kẹta fún ará Amẹ́ríkà. Ìgbà tí mo bá fẹ́ fi han èèyàn nìkan ni mo ń tò ó bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. N kì í sì fi ọjọ́ òní nìkan dán kóòdù wò mọ́. 29 sí 31 oṣù Kejìlá àti 1 oṣù Kíní ni mo kọ́kọ́ ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá YYYY nínú kóòdù Java yín lónìí, kí oṣù Kejìlá tó dé.