Ọjọ́ Kan Péré ní Etíkun Salvador
Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi wa gúnlẹ̀ sí èbúté Salvador ní Bràsíìlì, a sì gbọ́dọ̀ padà kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó lé, nítorí náà bọ́ọ̀sì ni a wọ̀ gba etíkun lọ. A kọjá ní Barra, níbi tí ilé ìmọ́lẹ̀ àwọn atukọ̀ wà, ṣùgbọ́n Rio Vermelho ló gbà mí lọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún Yemọja lójú òkun ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún. Ìyá kan tó wọ aṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa. Ó la tèmi láàárín, ó sì ki edé sí i. Èmi tí mo ti ń jẹ àkàrà láti kékeré, mo ra ìkejì. Ogún ìṣẹ́jú tí afinimọ̀nà fún wa níbẹ̀ kò tó rárá.