Àwọn Tó Fi Ọ̀dà Olómi Pa Aṣọ Àtijọ́ Amẹ́ríkà Mọ́

Ní Maryland ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi máa ń fà sí jù ni National Gallery of Art ní Washington, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn àwòrán Index of American Design sí, ìyẹn àkójọ àwòrán ọlọ́dà olómi tó ń fi àwọn ohun ọnà àtijọ́ Amẹ́ríkà hàn. Lọ́dún 1935, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, tí iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ayàwòrán, ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún wọn láti ya àwọn ohun ọnà àtijọ́, tó fi mọ́ aṣọ. Ruth Reeves, tó ń ṣe bátànì aṣọ, àti Romana Javitz, tó ń tọ́jú àkójọ àwòrán ní ilé ìkàwé ìlú New York, ló dá àbá rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà máa fi parí lọ́dún 1942, àwòrán tí wọ́n yà ti tó nǹkan bí 18,000.

Fọ́tò aláwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú nígbà náà, kò sì ṣeé gbọ́kàn lé; ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ṣe é. Magnus Fossum jókòó ti aṣọ ìbora kan tí wọ́n ń pè ní Boston Town ní Coral Gables, ní Florida, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tọ ipa híhun rẹ̀ débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òwú gidi ló wà lórí pépà. Ní ti àwọn kaba àtijọ́, ọ̀pọ̀ wọn dúró bí ẹni pé obìnrin kan wọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orí, kò sí ọwọ́. Mo gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀, torí pé aṣọ nìkan ni ojú ń wò.

Síbẹ̀, ohun kan ń dùn mí. Wọn kò ya iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé mọ́ ọn. Àwọ̀ aró pọ̀ lára àwọn aṣọ ìbora àtijọ́ wọ̀nyẹn; South Carolina sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe aró ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, níbi tó jẹ́ pé àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń gbin ewé rẹ̀, tí wọ́n ń rẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń pò ó. Ọmọ aláró ni mí, láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. N kò lè wo aró kí n má ronú kan ẹni tó pò ó.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá mi ni èmi náà ń yà báyìí, bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tó le jù ni etí ìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ fà, níbi tí aró ti yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ tí wọ́n fi dí i díẹ̀. Mo ń yà á bó ṣe rí gẹ́lẹ́, n kì í tún un ṣe.