Ìgò Kẹrosíìnì Tí Kì Í Tán

Títí di òní, bí mo bá rí ìgò kẹrosíìnì, ojú a máa tì mí, ẹ̀rín a sì máa pa mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ mọ̀ mí sí ahun, n kò ní jiyàn. Nígbà tí owó kẹrosíìnì ti kọjá agbára ọdẹ tí kì í pa ju òkété kan lọ lọ́sẹ̀ nínú igbó Ẹ̀pẹ́, mo pinnu pé èyí tí mo bá fi fọ ìbọn kò ní di ohun tí à ń dà nù mọ́. Bí mo bá ti fi àkísà nu inú ìbọn tán, n óò da kẹrosíìnì dúdú tí ó ṣẹ́ kù sínú ìgò, n óò gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́ta kí èérí lè rẹ̀ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni n óò rọra da orí rẹ̀ tí ó ti tòrò sínú ìgò mìíràn. Mo tilẹ̀ ra ìwé kan tí mo ń kọ iye tí mo ti fi pamọ́ sí. Owó ìwé náà ni n kò kọ sí i.

Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì mi fi bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ ju ìgbà tí mo rà á lọ. Kò dín kù. Nígbà mìíràn ó tún ń kún sí i, bí òróró opó Sáréfátì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pàápàá dàwátì. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èmi gbé ìgò lọ sí ìpàdé ọdẹ, mo nà án sókè sí oòrùn, mo sì ń kọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ti ń yìnbọn kí wọ́n tó bí mi bí a ṣe ń ní sùúrù fún èérí.

Olórí wa kò wo ìgò. Ó ní kí n gbé ìbọn wá, ó fi ojú kan yọ́ inú rẹ̀ wò.

“Ṣé ìbọn nìyí, àbí páìpù tí wọ́n hú nílẹ̀?”

Gbogbo inú rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá ṣàlàyé pé ẹ̀tù tí à ń ki sínú ṣakabùlà máa ń fi ohun kan bí iyọ̀ sílẹ̀, èyí tí ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ irin, tí kẹrosíìnì kò sì lè yọ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi òróró díẹ̀ pa á lára. Omi! Kànga wà lẹ́yìnkùlé mi.

Mo délé, mo rojọ́ fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Bàbá Táyé, ṣé ẹ̀ ń tọ́jú ìdọ̀tí yẹn ni? Mo rò pé ojú ló ń tì yín láti sọ pé kẹrosíìnì yín ti bàjẹ́.”

Ìyẹn ni pé bí mo bá ti gbé ìgò kalẹ̀, yóò da ohun inú rẹ̀ sí ìdí ọgbà, yóò fọ ìgò, yóò sì bu tuntun sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì sítóòfù. Mo bi í pé owó wo ni ó fi ń ra àfikún. Ó ní owó ọbẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ó ti tó oṣù méjì tí a ti ń fi edé nìkan se ọbẹ̀, nínú Ẹ̀pẹ́ tí ẹja ti pọ̀ tó yìí, àti pé mo ti lọ bá ìyá kan jà ní ọjà Olúwo pé ẹja rẹ̀ ti wọ́n jù fún ìyàwó mi. Ìyá náà kò jẹ́ dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ̀ mí.

Iye tí ó wà nínú ìwé mi ní ọjọ́ náà jẹ́ ₦6,400. Ìyá Táyé ti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Òun ni ó ń kọ gbèsè sí i báyìí.