Ohun Tí Ìbínú Àwọn Olólùfẹ́ Star Trek Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí èmi ti fẹsẹ̀ kọ. Kí n tó ka ìwé kan ṣoṣo ni mo ti mọ ohun tí màá kọ sí orí tó kẹ́yìn. Ìyẹn nìkan tó kí ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà lé mi jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ní sùúrù.

Àkòrí mi dá lé ohun tí àwọn olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣàn àtijọ́ kan, sọ nígbà tí wọ́n fi fíìmù tuntun tún un dá látìbẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ìdáhùn tí mo ti há sápò ni pé ẹni tó fẹ́ràn eré àtijọ́ kì í fẹ́ àyípadà. Ó rọrùn láti kọ, ó sì dùn létí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré yìí, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án 1966 ló bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn NBC ní Amẹ́ríkà. Gene Roddenberry ló dá a sílẹ̀. Kirk ni ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, Spock elétí ṣónṣó ni igbákejì rẹ̀, Uhura, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ló sì jókòó ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, nígbà tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lórí tẹlifíṣàn wọn. Nígbà tí ìròyìn jáde pé NBC fẹ́ pa eré náà tì, Bjo Trimble àti ọkọ rẹ̀ John kó àwọn òǹwòran jọ, wọ́n kọ lẹ́tà lọ́tùn-ún lósì, eré náà sì rí ọdún kẹta. Abala 79 ló ṣe kó tó kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1969. Nítorí náà, bí àwọn èèyàn yìí bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ló ni ogún náà, wọn ò kúkú purọ́ tán.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ ìbínú jọ. Wọ́n ní J.J. Abrams, olùdarí fíìmù tuntun náà, fi iná yànràn-yànràn sójú àwòrán títí ojú fi ń ro wọ́n. Wọ́n ní yàrá ẹ̀rọ ọkọ̀ náà jọ ilé ọtí. Ilé ọtí sì ni lóòótọ́: inú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pọn bíà ní Van Nuys, California, ni wọ́n ti yà á. Wọ́n ní báwo ni Spock yóò ṣe máa fẹnu ko Uhura lẹ́nu. Èyí tó le jù ni pé wọ́n pa Vulcan, odindi ayé tí Spock ti wá, rẹ́ ráúráú. Ìwé àkọsílẹ̀ mi kún, inú mi dùn.

Ojú ìwé kẹta ni ọ̀gá mi ti kọ́kọ́ fi bírò pupa yí nǹkan po. Mo ti kọ ọ́ pé àwọn olólùfẹ́ kan bínú nítorí pé fíìmù náà dùn ún wò jù. Mo rí i nínú fídíò ìròyìn kan. The Onion ló ṣe fídíò ọ̀hún, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ìròyìn irọ́ pani lẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀fẹ̀ ṣe ẹ̀rí nínú iṣẹ́ fásitì! Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ọ̀gá mi tún fi hàn mí pé ohùn kan náà ni mò ń kà bí ohùn mẹ́wàá. Ẹni tí inú ń bí máa ń kọ̀wé láàárọ̀, a tún kọ lálẹ́. Ẹni tí fíìmù dùn mọ́ a lọ sùn. Ìgbà tí mo padà wá àwọn tó lọ sùn yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ti fò dá. Ó pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ ti ń pe Uhura ní Nyota, ìyẹn ìràwọ̀ ní èdè Swahili, ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tàbí abala kan tí wọ́n ti pe orúkọ náà jáde rí kí ti 2009 yìí tó dé. Àwọn tó ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn yọ̀, wọn ò sì pariwo.

Ọ̀gá mi bi mí pé, “Tí wọn ò bá fẹ́ àyípadà, kí ni wọ́n ń ṣe ní Austin?”

Mi ò tíì gbọ́ nípa Austin. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2009, àwọn olólùfẹ́ péjọ sí ilé sinimá Alamo Drafthouse nílùú náà ní Texas, wọ́n rò pé fíìmù Star Trek ti 1982, èyí tí Khan, ọ̀tá Kirk, wà nínú rẹ̀, ni àwọn fẹ́ wò. Kò tíì lọ jìnnà tí àwòrán fi bà jẹ́ lójú gbogbo wọn. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Leonard Nimoy, Spock àtijọ́ fúnra rẹ̀, jáde síta, ó bi wọ́n bóyá wọn ò ní kúkú wo tuntun. Ariwo ayọ̀ sọ. Fíìmù tí Vulcan ti parun ni wọ́n wò lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Nimoy wà nínú fíìmù tuntun ọ̀hún náà. Spock àgbàlagbà ló ṣe, ẹni tó ti ayé àtijọ́ bọ́ sínú ayé tí ìtàn rẹ̀ ti yà gba ọ̀nà mìíràn. Èyí túmọ̀ sí pé ìtàn tí wọ́n kọ lẹ́tà lé lórí nígbà náà ṣì wà níbi tó wà, ẹnikẹ́ni ò pa á rẹ́. Bàbá ló mú ọmọ tuntun wá han ẹbí.

Ẹ wá wo 2013. Kí Star Trek Into Darkness, fíìmù tó tẹ̀lé ti 2009, tó jáde, àwọn olólùfẹ́ ń bi àwọn tó ṣe é pé ṣé Khan ni òṣèré Benedict Cumberbatch fẹ́ ṣe. Wọ́n ní rárá o, John Harrison lorúkọ ẹni náà. Fíìmù jáde, Khan ni. Wọ́n tún mú ikú Spock ti 1982, èyí tó kú lẹ́yìn gíláàsì tí Kirk sì ń wò ó, wọ́n yí i padà: Kirk ló kú, Spock ló ké, kó sì tó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ Khan ti jí òkú. Àwọn tó ti sunkún ní 1982 ní ẹkún àwọn ni wọ́n jí lò. Ẹlòmíràn bi wọ́n pé orúkọ ará Íńdíà ni Khan ń jẹ́, báwo ló ṣe wá di Gẹ̀ẹ́sì aláwọ̀ funfun. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, níbi àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ní Las Vegas, wọ́n to gbogbo fíìmù Star Trek léra, wọ́n sì fi tuntun yìí sẹ́yìn pátápátá. Abrams fúnra rẹ̀ gbà nígbà tó yá pé ì bá sàn ká ní àwọn ti sọ òtítọ́ nípa Khan.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn tí mo há sápò ti já bọ́. Fíìmù 2009 ló yí nǹkan padà jù, òun ni wọ́n gbà mọ́ra. Ti 2013 ló sún mọ́ ti àtijọ́ jù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á kọ, òun ni wọ́n tì sẹ́yìn. Àyípadà kọ́ ló ń bí wọn. Wọ́n bínú sí ẹni tó wo ojú wọn tó purọ́, tó tún mú ohun tí wọ́n fẹ́ràn ṣe ìtànjẹ. Odindi orí méjì ni mo dà nù, mo tún un kọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ṣàìsàn lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí olólùfẹ́ kan ń pariwo lórí fíìmù, ẹ béèrè ohun tó ń ṣọ́ kí ẹ tó kọ ohun tó ń bú. Ẹni tó ní iná ti pọ̀ jù lójú òun kò ṣọ́ ohun kan ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ kọ ìlà kan, kí ẹ kọjá. Ẹni tó ń bínú nítorí Vulcan ń ṣọ́ ilé tó ti ń lọ láti ọmọdé. Ẹ má kà wọ́n mọ́ra wọn bí èmi ti ṣe.

Ojú ìwé kẹta tí wọ́n fi bírò pupa yí po ṣì wà nínú fáìlì mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó sọ fún mi, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.