Ìwọ̀n Ọjọ́ Ìjà Ni Kí Ẹ Bá Wọn Kọ Sínú Ìwé

Ẹ̀yin kóòṣì àti mánéjà ẹlẹgbẹ́ mi nídìí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Ìkọ̀lé, ẹ má gba ìjà ní ìsọ̀rí tó ga ju ti ọmọ yín lọ bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ìwọ̀n tí alátakò kò gbọdọ̀ kọjá ní ọjọ́ ìjà gan-an. Ìwọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú nìkan kò tó. Ìjà kan tí ọmọ mi pàdánù nítorí rẹ̀ ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ nísinsìnyí.

Ìsọ̀rí pọ́ùn 135 ni ọmọ tí mò ń kọ́ ti ń jà tẹ́lẹ̀. Ìjà yìí jẹ́ ti 147, ìyẹn ni pé kílò 66.678 ni òpin. Ọmọ náà jẹun, ó sùn, kò lágùn omi kankan dànù, kílò 65.9 ni síkéèlì pè é, oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Alátakò rẹ̀ dé, ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ ti wọnú, kò lè sọ̀rọ̀ ketekete. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọmọ ìsọ̀rí 160 nìyẹn, tó ti lágùn omi ara rẹ̀ dànù sínú aṣọ rọ́bà kí síkéèlì lè gbà fún un. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé síkéèlì sí. Ó bọ́ra, àwọn èèyàn rẹ̀ fi tówẹ̀lì bò ó yí ká, ọ̀kan nínú wọn sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Nọ́ńbà ṣì ń sáré lójú ẹ̀rọ nígbà tí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kígbe “66.6!”, ọkùnrin náà sì ti sọ̀kalẹ̀. Mo ní kó padà gùn ún. Wọ́n ní ó ti parí. Mo ní kí wọ́n gbé síkéèlì kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì sórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ni ín. Olórí wọn wá sọ níwájú ọmọ mi pé, “Kóòṣì, bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ gbé e padà sí Èkìtì.”

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹni tó wọ ojú ìjà ti yàtọ̀ sí ẹni tí a rí lórí síkéèlì. Omi tó lágùn dànù ti padà sí i lára: ọrùn rẹ̀ ti kún, èjìká rẹ̀ ti yọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn méjèèjì tún gun síkéèlì kí wọ́n tó wọ ibọ̀wọ́. Wọ́n ní kò sí nínú ìwé. Ẹ̀ṣẹ́ ọmọ mi ń balẹ̀ dáadáa ní ráùǹdì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹni yẹn kàn ń rìn bọ̀. Ní ráùǹdì kẹta ó fi ẹ̀ṣẹ́ òsì lù ú lábẹ́ ìhà ọ̀tún, níbi tí ẹ̀dọ̀ wà. Orúnkún ọmọ náà kanlẹ̀. Rẹfirí kà dé mẹ́jọ kó tó dìde, ó kọjú sí mi, mo sì rí i pé kò rí mi. Mo ju tówẹ̀lì sínú kí wọ́n dá ìjà dúró. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ìpalára, ó ti padà sẹ́nu eré òwúrọ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìbínú ẹni tó pàdánù ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìjà tí ayé mọ̀ dá wọn lóhùn. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ní Madison Square Garden ní New York, àwọn afẹ̀ṣẹ́jà Arturo Gatti àti Joey Gamache fẹnu kò sí pọ́ùn 141. Gamache ti gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 130 àti 135 kó tó gòkè dé ibẹ̀. Síkéèlì gbà fún Gatti lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn ará Gamache sì ń pariwo pé kò dúró lórí rẹ̀ pẹ́ tó. Ní alẹ́ ìjà, nígbà tí àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n HBO gbé wọn gun síkéèlì, Gatti jẹ́ 160, Gamache sì jẹ́ 145. Ráùǹdì kejì ni ìjà parí. Gamache fara pa ní ọpọlọ, kò sì jà mọ́ láyé rẹ̀. Ó pe àjọ tó ń ṣàkóso ìjà ní ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ní 2010 adájọ́ sọ pé àjọ náà kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ nídìí síkéèlì, síbẹ̀ kò dá owó kankan fún un. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ tí ìlà kan nínú ìwé àdéhùn ì bá ti yanjú láàárọ̀ ọjọ́ ìjà.

Ẹ má fi Roy Jones, afẹ̀ṣẹ́jà tó na ẹni tó wúwo jù ú lọ, dá mi lóhùn. Lóòótọ́, ní 2003 ó jẹ́ 193, John Ruiz jẹ́ 226, Jones sì borí. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí tó ga jù lọ kò ní ààlà lókè, kò sí ìdí fún Ruiz láti gbẹ omi ara rẹ̀. Iye tí síkéèlì pè ni iye tó wọ ojú ìjà. Jones mọ ohun tó ń lọ bá, ó sì múra sílẹ̀ dè é. Ọmọ tèmi kò mọ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe kọ ìlà náà. IBF, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fúnni ní bẹ́líìtì àgbáyé, ti lo irú rẹ̀ fún ìjà bẹ́líìtì: ní àárọ̀ ọjọ́ ìjà, afẹ̀ṣẹ́jà kò gbọdọ̀ fi ju pọ́ùn 10 lọ kọjá ààlà ìsọ̀rí. Nígbà tí Conor Benn gòkè ìsọ̀rí méjì láti bá Chris Eubank Jr jà ní 160 ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n kọ ọ́ pé 170 ni òpin láàárọ̀ ọjọ́ ìjà. Fún ìsọ̀rí 147, pọ́ùn 157 nìyẹn, ìyẹn kílò 71.2. Ẹ kọ wákàtí rẹ̀, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá òwúrọ̀, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ń sùn. Ẹ kọ pé síkéèlì àná ni wọn yóò lò. Ẹ kọ ìjìyà rẹ̀ pẹ̀lú, níbí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí owó ìtanràn nìkan kò lè gba ọmọ yín lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ní 2009, Floyd Mayweather fi pọ́ùn 2 kọjá 144 tó bá Juan Manuel Márquez ṣe àdéhùn lé lórí. Ó san dọ́là 600,000 fún un, ó sì nà án títí ráùǹdì 12 fi pé. Márquez ni ẹni tó ń gòkè láti 135. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé bí alátakò bá kọjá òpin, ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ láti má jà, owó rẹ̀ yóò sì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìlà yìí kò bá sí, gbogbo èyí tó kù jẹ́ àdúrà.

Ní ti síkéèlì fúnra rẹ̀, ẹ dé ibẹ̀ ṣáájú. Ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni kó wà. Ẹ gbé àwo irin ilé ìdárayá tó jẹ́ kílò 20 dání, mẹ́ta, tí ẹ ti yẹ̀ wò níbòmíràn, kí ẹ tò wọ́n lé e. Bí kò bá pe 60, ẹ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ẹ má lo báàgì omi inú ọ̀rá, torí wọn kì í sábà kún dọ́gba. Ẹ béèrè bóyá kílò ni tàbí pọ́ùn ni yóò ṣèdájọ́. 147 jẹ́ kílò 66.678, nítorí náà ẹni tí síkéèlì pè ní 66.7 ti kọjá ààlà, àmọ́ ẹni tó bá fi 2.2 sọ ọ́ di pọ́ùn dípò 2.2046 yóò rí 146.7, á sì jẹ́ kó kọjá. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2005, nígbà tí José Luis Castillo fẹ́ tún bá Diego Corrales jà ní 135, wọ́n mú dókítà rẹ̀ níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ gbé síkéèlì sókè láti ìsàlẹ̀, 138.5 ni ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí wọn yóò bá fi tówẹ̀lì bo ẹni tó ń gun síkéèlì, kí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín di etí tówẹ̀lì náà kan mú.

Kí ẹ tó sọ pé ọmọ yín ti kúrò ní ìsọ̀rí rẹ̀, ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ gidi. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ méje léraléra, lẹ́yìn tó ti yàgbẹ́ tó sì ti tọ̀, láìwọ aṣọ, kó tó mu omi, kí ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Tiwa l'Ékìtì nìyí: iyán ọjọ́ Sátidé máa ń pa irọ́ lórí síkéèlì ọjọ́ Ajé. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan oúnjẹ afúnnilágbára bí iyán tí ara tọ́jú máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra, kílò kan sì lè gòkè láìjẹ́ pé ẹran ara kankan kún un. Bí ìpíndọ́gba náà kò bá tó kílò 65, ìsọ̀rí 140 ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má sì fún ọmọ kankan ní oògùn tó ń fa ìtọ̀. WADA, àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, ti fòfin dè é, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ìwé ìjà tó kàn ti dé ọwọ́ wa, 140 ni. A ti kọ ìlà ọjọ́ ìjà sí i, kílò 68, a sì ti dá a padà sí wọn. Wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, a kò ní wọ bọ́ọ̀sì.