Díìsìkì kì í jẹ́ Táíwò: ẹ̀kọ́ tí fstab kọ́ mi ní Òṣogbo

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ fáìlì kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ: /etc/fstab. Òun ni Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń kà nígbà tó bá ń dìde, kó lè mọ díìsìkì tó yẹ kó so mọ́ fódà kọ̀ọ̀kan. N kò kà á sí nǹkan bàbàrà títí tó fi gba fọ́tò ìgbéyàwó lọ́wọ́ ìdílé kan.

Ilé iṣẹ́ fọ́tò kan ní Òkè-Fìà ni mo wà nígbà náà. Yàtọ̀ sí díìsìkì tí Linux fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, díìsìkì ńlá méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa. Èyí tí a ń kó fọ́tò sí, mo so ó mọ́ /foto. Èyí tí ẹ̀dà ń wọ̀ lálaalẹ́, mo so ó mọ́ /eda. Nínú fstab, mo pe ti àkọ́kọ́ ní /dev/sdb1, mo pe èkejì ní /dev/sdc1. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì gbà pé orúkọ wọn nìyẹn.

Ẹ wo Táíwò àti Kẹ́hìndé: ẹni tó kọ́kọ́ yọjú ni Táíwò. Bí Linux ṣe ń fún díìsìkì ní sda, sdb, sdc náà nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ dé ló ń gba lẹ́tà tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń bí ìbejì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tún díìsìkì bí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a ti kó fọ́tò ìgbéyàwó ọjọ́ náà sínú /foto tán nígbà tí iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dìde padà, Kẹ́hìndé ti ṣáájú. Díìsìkì ẹ̀dà ló so mọ́ /foto, díìsìkì fọ́tò sì bọ́ sí /eda. Irú fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù kan náà, ext4 (ètò tí díìsìkì fi ń to fáìlì), ni méjèèjì ń lò, nítorí náà kò sí àṣìṣe kankan tó hàn. Ní aago kan òru, rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ láti /foto sí /eda, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo rán an. Mo ti fi --delete sí i: ohunkóhun tí kò bá sí ní /foto, kó pa á rẹ́ ní /eda. Ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì ló wà ní /foto lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo fọ́tò ọjọ́ Sátidé ló wà ní /eda, ó sì pa wọ́n rẹ́.

Káàdì kámẹ́rà kan ṣoṣo la rí tí a kò tíì nù. Fọ́tò inú gbọ̀ngàn ló wà níbẹ̀. Ti ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ àti ti ìgbà tí ìyá ìyàwó ń súre fún ọmọ rẹ̀ kò sí mọ́. Èmi ni mo lọ sọ fún màmá náà nílé wọn ní Alékùwódò. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé kò wá lè padà mọ́ ni?" Ó ń dùn mí títí dòní.

UUID ló yẹ kí n kọ. Àmì gígùn tí wọ́n fi sára fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù lọ́jọ́ tí wọ́n dá a ni, ibi yòówù kí ẹ ki okùn rẹ̀ bọ̀, kì í yí. Ẹ fi `lsblk -f` tàbí `blkid` wò ó, kí ẹ wá kọ ìlà yín báyìí:

UUID=(àmì náà) /foto ext4 defaults,nofail 0 2

Òdo yẹn, ti dump ni, ètò àtijọ́ kan tó ń ṣe ẹ̀dà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 2 ní kí fsck, ètò tó ń wá àṣìṣe inú fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn díìsìkì Linux fúnra rẹ̀, tó ń gba 1. Bí ẹ bá fi àṣẹ dd da díìsìkì kan kọ odindi, ẹ ṣọ́ra o: UUID náà yóò bá a lọ, ẹ óò sì ní méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Orí nofail ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Láìsí i, bí díìsìkì kan bá kú, systemd, ètò tó ń darí ìdìde Linux, yóò dúró dè é fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, lẹ́yìn náà yóò dá yín sí emergency mode, ipò pàjáwìrì tí iṣẹ́ kì í lọ bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fi í sí i, kọ̀ǹpútà yóò dìde láìsí díìsìkì náà. Ó dára, àmọ́ fódà kò mọ̀ bóyá díìsìkì wà lórí òun. /foto yóò ṣí, yóò ṣófo, rsync pẹ̀lú --delete yóò sì sọ /eda náà di òfìfo. Nítorí náà, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ nínú script mi (àwọn àṣẹ tí mo kọ jọ fún iṣẹ́ ẹ̀dà) báyìí, `mountpoint -q /foto` àti `mountpoint -q /eda` ló ń ṣáájú. Bí ọ̀kan bá kùnà, iṣẹ́ dúró. Ìyẹn fi hàn pé nǹkan kan wà lórí fódà. UUID ló ń mú un dájú pé òun gan-an ni. Mo sì ti yọ --delete kúrò lórí fọ́tò oníbàárà pátápátá. Owó díìsìkì kò tó ojú màmá yẹn.

Bí ẹ bá ti tọ́wọ́ bọ fstab, ẹ má tíì pa kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe `findmnt --verify` tó ń yẹ fstab wò, kí ẹ ṣe `mount -a` tó ń so àwọn díìsìkì inú rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín wo ohun tó wà nínú fódà. Tí àṣìṣe bá wà, iwájú yín ni yóò ti hàn, kì í ṣe ní òru tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo lẹ bébà kékeré mọ́ ara díìsìkì kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú UUID rẹ̀ ni mo kọ sí i, pẹ̀lú gègé tí omi kò lè nù.